GTO àti Land Rover: epo tó pa ọ̀kan ló bọ́ èkejì

Ìtàn mọ́tò la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ wa tó ń wo fíìmù Amẹ́ríkà ni kò jẹ́ ká sinmi. Wọ́n ní nínú gbogbo ọkọ̀ àtijọ́, kò sí èyí tó tó àwọn ọkọ̀ asáré tí Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car. Àwọn àgbà ní ẹ dákẹ́ jàre. Wọ́n ní ta ló máa gbé ìyẹn gun òkè Mambilla nígbà òjò? Wọ́n ní Land Rover ni ọkọ̀, ìyókù ẹ̀ṣọ́ ni.

Tó bá jẹ́ pé eré sísá àti ẹrù rírù nìkan la fẹ́ fi wé ara wọn, ẹjọ́ náà ò le. Ẹṣin ń sáré, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń ru ẹrù, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a tú ìtàn àwọn méjèèjì wò dáadáa, a rí nǹkan tí a ò rò. Ìhámọ́ ló bí àwọn méjèèjì. Epo bẹntiróòlù kan náà, láàárín oṣù díẹ̀ kan náà, ló sì gbẹ̀mí ọ̀kan tó sì bọ́ èkejì yó, orílẹ̀-èdè wa yìí gan-an sì wà lára àwọn tó fi owó epo yẹn bọ́ ọ.

Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn jù, a mú ọ̀kan ṣoṣo nínú ìran kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn asáré, a mú Pontiac GTO ti ọdún 1964, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ló la ọ̀nà fún àwọn tó kù. Nínú àwọn arìngbẹ́, a mú Land Rover àkọ́kọ́, ti 1948.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ogun Hitler parí ní 1945, Ìlú Ọba ṣẹ́gun lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpò ti gbẹ. Irin di ohun tí ìjọba ń wọ̀n fún iléeṣẹ́, ẹni tó bá sì ń ta ọjà sókè òkun tó ń mú owó ilẹ̀ òkèèrè wálé ni wọ́n ń fún dáadáa. Kí ogun tó dé, ọkọ̀ àwọn dókítà àti àwọn ọ̀gá báǹkì ni iléeṣẹ́ Rover ń ṣe. Lẹ́yìn ogun wọ́n ní ilé ńlá kan ní Solihull, èyí tí ìjọba kọ́ fún ṣíṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú. Ilé wà, òṣìṣẹ́ wà, irin ni kò sí.

Spencer Wilks ni ọ̀gá àgbà níbẹ̀, Maurice àbúrò rẹ̀ ló sì ń darí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Maurice yìí ní oko ní erékùṣù Anglesey ní ilẹ̀ Wales, jíìpù Willys kan tó ṣẹ́kù láti ogun ló sì fi ń ṣiṣẹ́ oko. Jíìpù náà ti ń gbó. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló máa rà tí èyí bá kú, kò rí èsì fọ̀ ju pé òmíràn bíi tirẹ̀ náà ni. Ibẹ̀ ni ojú ti là á. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé etí òkun Red Wharf Bay ló wà ní 1947 nígbà tó ya àwòrán ọkọ̀ náà sórí iyanrìn han ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló wù wá jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Irin kò sí, wọ́n wo ohun tó wà nílẹ̀. Alumíníọ́mù ọkọ̀ òfurufú wà nílẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó ń kan ọkọ̀ òfurufú ogun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Òun ni wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀. Kò sówó láti ra àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ páànù kọrọdọ, ni wọ́n bá ṣe ara ọkọ̀ ní pẹrẹsẹ, bíi páálí tí èèyàn ká. Ṣáàsì pàápàá, ọ̀pá irin pẹlẹbẹ mẹ́rin ni wọ́n ń jó pọ̀ di àpótí gbọọrọ, bí àwọn wẹ́dà wa ṣe ń jó géètì. Ọ̀dà ńkọ́? Ọ̀dà àwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù nínú ti àwọn ológun ni wọ́n kùn ún. Bí ẹ bá rí Land Rover àtijọ́ lónìí tí ara rẹ̀ ò dípẹtà, kì í ṣe pé wọ́n ronú nípa òjò Nàìjíríà. Àìní irin ni. Ṣáàsì tó wà nísàlẹ̀ ló ń dípẹtà, ẹ bi mẹkáníìkì yín.

Nǹkan kan tún wà tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, torí a máa padà sí i. Nínú ọkọ̀ àkọ́ṣe tí wọ́n fi dán iṣẹ́ wò ní 1947, àárín ni wọ́n gbé sítíárì sí, bíi ti katakata. Ìdí ni pé orílẹ̀-èdè míì ń wakọ̀ lápá òsì, òmíràn lápá ọ̀tún, wọ́n sì fẹ́ ta ọkọ̀ kan fún gbogbo ayé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé kò rọrùn fún awakọ̀, wọ́n pa á tì, wọ́n wá ń ṣe ti ọ̀tún àti ti òsì.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé, níbi àfihàn ọkọ̀ ní Amsterdam. Pọ́n-ùn 450 ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.6, agbára ẹṣin 50 péré. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà, ó ní gíà kékeré tó ń gun òkè, wọ́n sì lè fa agbára jáde láti inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti fi lọ nǹkan tàbí láti fi gé igi lóko. Ohun tí àwọn ará Rover ní lọ́kàn ni pé kí wọ́n ṣe é fún ọdún díẹ̀, kí nǹkan fi rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí wọ́n sì padà sídìí ọkọ̀ àwọn dókítà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún kan ó ti ń tà ju àwọn ọkọ̀ yòókù wọn lọ, nígbà tó sì di 1954 wọ́n ti ṣe 100,000.

Ó ku àbúrò. Amẹ́ríkà ti 1963 kò mọ ohun tó ń jẹ́ àìrírin. Òun ni ilẹ̀ tí owó wà nígbà yẹn, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun sì ti ń di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún, wọ́n fẹ́ra ọkọ̀. Ìhámọ́ tó bá Pontiac, inú ilé wọn ló ti wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1963, General Motors tó ni wọ́n fòfin dè é pé kí ẹ̀ka iléeṣẹ́ kankan má ṣe ná owó sórí ìdíje eré sísá mọ́. Pontiac sì rèé, eré sísá ni wọ́n fi ń ta ọjà! Òfin míì tún wà nílẹ̀ pé ọkọ̀ tí kò tóbi, tí kò kéré, kò gbọdọ̀ ní ẹ́ńjìnnì tó ju nǹkan bíi lítà 5.4 lọ.

John DeLorean ni olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Pontiac. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, Bill Collins, ló sọ ọ́ pé ẹ́ńjìnnì lítà 6.4 tí wọ́n ń gbé sínú ọkọ̀ ńlá wọn, ìta rẹ̀ kò tóbi ju ti kékeré lọ, pé ó máa wọ inú Tempest tí wọ́n ń ṣe láìṣe wàhálà. Wọ́n gbé e sí i, wọ́n wà á, inú wọn dùn. Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa yí òfin ká. Wọ́n ka òfin náà lákàtúnkà, wọ́n rí i pé ọkọ̀ bó ṣe ń jáde ní iléeṣẹ́ ló ń bá wí. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí oníbàárà bá fowó kún owó láti fi sí i. Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí rèé! Wọn kò pè é ní ọkọ̀ tuntun. Wọ́n ní Tempest LeMans náà ni, ẹni tó bá fẹ́ kó san nǹkan bíi dọ́là 295 lé e, á sì gba ẹ́ńjìnnì ńlá. Pete Estes tó jẹ́ ọ̀gá Pontiac fọwọ́ sí i kí àwọn tó wà lókè tó gbọ́.

Orúkọ náà ńkọ́? Ara Ferrari ni wọ́n ti bù ú. Ferrari ní 250 GTO, ọkọ̀ ìdíje tòótọ́, lẹ́tà mẹ́ta yẹn sì ń sọ lédè Ítálì pé wọ́n ti fún ọkọ̀ náà ní ìwé àṣẹ láti wọ ìdíje. Ti Pontiac kò níwèé àṣẹ kankan. Inú bí àwọn olólùfẹ́ Ferrari gidigidi, ariwo yẹn náà sì tún ń polówó ọjà.

Agbára ẹṣin 325 ló jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kábúrétọ̀ mẹ́ta lórí ẹ́ńjìnnì gba 348. Ẹ fi wé 50 ti Land Rover! Àwọn tó ń bójú tó ọjà títà rò pé 5,000 lè ṣòro tà. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, 32,450 ló tà. Ní 1966 ó di 96,946. Bí ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà yòókù ṣe rí i, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹ́ńjìnnì ńlá sínú ọkọ̀ kékeré.

A ò ní purọ́, a ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ yẹn nínú fídíò, ó ń dún bí ìlù gbẹ̀du, àwọn ọmọ wa kò jẹ̀bi pé ó wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn méjì nìkan ló ń tì í. Ó súnmọ́ ilẹ̀. Bíréèkì ọkọ̀ 1964 yẹn, onílù ni ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn tó dán an wò nígbà náà gan-an ń ráhùn pé kò tó ọkọ̀ tó ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó tẹ́jú tó gún ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n ṣe Land Rover fún ibi tí ọ̀nà ti parí.

Nílẹ̀ wa níbí, ibi tí ọ̀nà ti parí pọ̀ nígbà náà. Ìjọba amúnisìn àti èyí tó tẹ̀ lé e fi Land Rover kó ọlọ́pàá, dókítà ẹran, àwọn awọnlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ lọ sí ìgbèríko Òkè Ọya. Ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tó ń wà á. Nínú àwọn ará wa tó bá iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ rélùwéè gòkè wá, dírẹ́bà wà, mẹkáníìkì wà, akọ̀wé tó ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú àpótí ìwé wà. Ọkọ̀ yẹn ló gbé ọ̀pọ̀ wọn dé ìlú tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀ rí, ibẹ̀ ni àwọn míì sì kọ́lé sí títí dòní.

GTO ńkọ́? Kí ló dé tí a kò rí i níbí? Owó kọ́ ni ìdí kan ṣoṣo. Apá òsì ni Nàìjíríà ń wakọ̀ nígbà náà, bíi ti Ìlú Ọba tó kọ́ wa, sítíárì á sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Sítíárì GTO wà lọ́wọ́ òsì, fún ọ̀nà Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gbé e wá á máa yọ orí sójú ọ̀nà kó tó ya lọ́rí, ikú ni. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni orílẹ̀-èdè wa yí padà sí apá ọ̀tún. Àwọn àgbà tó wà láyé nígbà náà rántí ọjọ́ yẹn bí àná. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ọkọ̀ tó ní sítíárì ọwọ́ ọ̀tún di ọkọ̀ tí wọn kò ṣe fún ọ̀nà wa mọ́. Land Rover kò ní ìṣòro, torí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ayé kì í wakọ̀ lápá kan. Ti ọwọ́ òsì wà nílé, òun ni wọ́n ń kó wá.

Ó tó kí ọ̀nà ṣí fún GTO nígbà yẹn, àbí? Nígbà yẹn gan-an ni àìsàn ti wọlé sí i lára. Àwọn kan máa ń sọ pé epo ọ̀wọ́n ti 1973 ló pa á. A gbà, àmọ́ kì í ṣe epo nìkan. Àwọn oníṣòwò ìnṣọ́ránsì ti ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń wà á, torí pé wọ́n ń kú lójú pópó. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1970 dé, General Motors sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù ní 1971. Ọdún yẹn, 10,532 péré ni GTO tà. Ní ọdún 1973, ó já sí 4,806. Aláìsàn ni nígbà tí epo bá a.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, Íjíbítì àti Síríà bá Ísírẹ́lì jagun. Amẹ́ríkà gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń ta epo sì ní àwọn kò ní ta fún Amẹ́ríkà mọ́. Àgbá epo kan tó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 3 lé ní dọ́là 11 nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 1974. Àwọn ará Amẹ́ríkà to ìlà sílé epo, ààrẹ wọn sì fọwọ́ sí òfin ní oṣù kìíní 1974 pé kí ọkọ̀ kankan má ṣe sáré ju máìlì 55 ní wákàtí kan. Ẹ gbọ́ ná, kí lèèyàn fẹ́ fi ọkọ̀ asáré ṣe nílùú tí wọn kò gbà kó sáré? Ọdún 1974 náà ni Pontiac ṣe GTO tó kẹ́yìn, ọkọ̀ tó kéré, agbára ẹṣin 200. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n pa iná.

Nàìjíríà ńkọ́? A ti wọ OPEC ní 1971, ṣùgbọ́n a kì í ṣe ara àwọn tó fòfin de Amẹ́ríkà. Ńṣe là ń ta epo wa lọ ní owó tuntun yẹn. Àpò ìjọba kún àkúnya. Owó Udoji dé, òṣìṣẹ́ gba àjẹmọ́nú, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ra alùpùpù, ẹni tó ń gun alùpùpù ra ọkọ̀. Ní 1975, iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ níbí ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ nínú wa sì jẹun níbẹ̀ tàbí lágbègbè rẹ̀. Leyland ní Ìbàdàn náà ń to ọkọ̀ ẹrù àti Land Rover pọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀, ológun, ọlọ́pàá, gbogbo wọn ń ra jíìpù. Ní 1976, Land Rover ti pé mílíọ̀nù kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. A kò sọ pé Nàìjíríà nìkan ló rà á tó bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí a ń sọ ni pé epo tó wọ́n ní Detroit, tó lé GTO kúrò lọ́jà, owó rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ra Land Rover sí àgbàlá ìjọba Kàdúná, Sókótó àti Màídúgùri.

Kí àwọn àgbà má tíì pàtẹ́wọ́ jù. Àsìkò ọ̀pọ̀ owó yẹn náà ni Land Rover bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ilẹ̀ wa. Agbára rẹ̀ kéré, ọ̀pá táyà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń kán bí wọ́n bá di ẹrù jù, iléeṣẹ́ tó ń ṣe é nílùú Òyìnbó sì wà nínú gbèsè àti ìdaṣẹ́sílẹ̀ títí ìjọba ibẹ̀ fi gbà á sọ́wọ́ ní 1975. Toyota ti ń ṣe Land Cruiser láti 1951. Ó wọlé wẹ́rẹ́, kò pẹ́ tí àwọn tó ń rìn sáhàrá àti igbó fi yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Lónìí, tẹ́ ẹ bá rí ọkọ̀ ìjọba kan tó ń la ẹrẹ̀ kọjá ní Gembu, Jápáànù ló ni ín.

Àwọn méjèèjì tún dìde lẹ́yìn ikú, nílẹ̀ àjòjì. General Motors ta ọkọ̀ kan ní orúkọ GTO láti 2004 sí 2006, Ọsirélíà ni wọ́n ti ṣe é, iléeṣẹ́ Holden, ó sì dá bí ẹni pé orúkọ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Pontiac fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní 2010. Land Rover ti ìran àkọ́kọ́, tí wọ́n sọ ní Defender nígbà tó yá, èyí tó kẹ́yìn jáde ní Solihull ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2016, ọdún méjìdínláàádọ́rin lẹ́yìn Amsterdam. Defender tuntun tí àwọn olówó ń gùn báyìí, orílẹ̀-èdè Slovakia ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó dára, ó rẹwà, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa fi fa igi.

A ní iṣẹ́ kan fún yín. Ẹni tó bá ní fọ́tò bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Land Rover ìjọba l'Ókè Ọya, kó gbé e wá síbí pẹ̀lú orúkọ ìlú tó ti yà á. Tí ẹ kò bá mọ ọdún rẹ̀, ẹ wo ibi tí sítíárì wà. Bó bá wà lọ́wọ́ òsì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́yìn oṣù kẹrin 1972. Bó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ wo aṣọ tí bàbá wọ̀ dáadáa, ká jọ ṣírò rẹ̀, torí àwọn ọkọ̀ míì wà tí wọn kò yí sítíárì wọn padà, tí dírẹ́bà kàn ń ṣọ́ra.